Igbó tí mo mu ní Ifẹ̀, ṣé yóò dínà iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà mọ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Iléṣà ni mí, ìtòsí ọjà Atákúnmọ́sà ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kàwé, ní OAU. Láàárín 2012 sí 2015, mo máa ń mu igbó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Lóru ọjọ́ kan ní 2014, ọlọ́pàá kó wa níta ilé tí à ń gbé. Bàbá mi wá gba béèlì mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà kò sì lọ síwájú. Mo ti jáwọ́ nínú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Físà tí wọ́n fi ń gba ìwé ìgbélùú (green card) ló gbé mi dé Maryland ní 2016, mo sì di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ní 2022. Ní oṣù Kẹjọ 2024, níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan, mo jẹ súìtì kan tí wọ́n fi igbó ṣe, ẹyọ kan péré; kò sì lòdì sófin ní Maryland. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ gbà mí, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ní security clearance, ìyẹn àṣẹ láti rí ìwé àṣírí ìjọba. Ọ̀rẹ́ mi yẹn ní kí n má kọ nǹkan kan sí fọ́ọ̀mù, pé ta ló fẹ́ dìde láti Virginia wá sí Ilé-Ifẹ̀ nítorí igbó àtijọ́? Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù, wọn kò sì rí oorun sùn mọ́. Ṣé iṣẹ́ yìí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, iṣẹ́ náà kò tíì bọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwọ ń wò kọ́ ni ewu wà. Igbó Ifẹ̀ tó gba oorun lójú ìyá rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ dà mí láàmú. Ẹyọ súìtì 2024 tí o fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lára rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jókòó tì. Ohun tó sì léwu ju méjèèjì lọ ni ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ.

Ọdún 21 ni mo fi ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ààbò ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ní Virginia, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Parakin níbí. Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí wọ́n bá fẹ́ kọ irú fọ́ọ̀mù tí wọn yóò gbé fún ọ yìí. Mo ti rí ẹni tó mu igbó débi pé ó fi ọdún kan ṣòfò ní yunifásítì, tí wọ́n sì fún un ní àṣẹ náà nígbà tó yá. Mo ti rí ẹni tó mu ún lẹ́ẹ̀mejì péré, tí wọ́n sì kọ̀ fún un. Máa fi èyí sọ́kàn bí o ṣe ń kà á lọ.

Kí àwọn tó ń kà á pẹ̀lú wa lè mọ ohun tí à ń sọ: kílíáráǹsì (security clearance) ni àṣẹ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ń fún ènìyàn kí ó tó lè fojú kan ìwé àṣírí wọn. Ìpele mẹ́ta ló ní: Confidential, Secret, àti Top Secret tó ga jù. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fún. Ẹnikẹ́ni kì í sì í fúnra rẹ̀ lọ tọrọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó nílò rẹ ni yóò fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wàá kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní SF-86, tó gùn bí ìrìn ẹsẹ̀ láti Ifẹ̀ dé Iléṣà: gbogbo ibi tí o gbé, ibi tí o ti ṣiṣẹ́, àwọn ẹbí rẹ, gbèsè rẹ, ìrìn àjò rẹ. Àjọ DCSA, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun wọn, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà. Ìpín 23 nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni ti oògùn olóró.

Ìbéèrè tó ṣáájú nínú Ìpín 23 ni bóyá o ti lo oògùn olóró kankan láàárín ọdún 7 tó kẹ́yìn. Ọdún 7. O jáwọ́ nínú igbó ní 2015. Ka ọdún náà fúnra rẹ. Igbó tí ẹ mu ní Ifẹ̀ ti jáde kúrò nínú ohun tí ìbéèrè yẹn ń béèrè. Kò sí ẹni tó ní kí o lọ wa á jáde láti ilẹ̀ níbi tí wọn kò ti bi ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù kan náà tí kò ka ọdún rárá, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Ṣé wọ́n ti fẹ̀sùn ọtí tàbí oògùn olóró kàn ọ́ rí? Èyí wà ní Ìpín 22. Ṣé ẹnikẹ́ni ti pàṣẹ fún ọ rí, tàbí gbà ọ́ níyànjú, pé kí o lọ gba ìtọ́jú nítorí oògùn olóró? Ṣé ìwọ fúnra rẹ ti lọ gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé o ti lò ó rí nígbà tí kílíáráǹsì wà lọ́wọ́ rẹ, tàbí nígbà tí o ń ṣe iṣẹ́ agbófinró?

Èyí ló mú mi padà sí òru 2014 yẹn. Kí ọlọ́pàá mú ènìyàn yàtọ̀ sí kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Ti pé wọ́n mú ọ nìkan, ọdún 7 ni fọ́ọ̀mù ń wò, ó sì ti kọjá. Ti ẹ̀sùn oògùn olóró ni kò ní gbèdéke. O ní ọ̀rọ̀ náà kò lọ síwájú, mo sì fẹ́ gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n inú àtìmọ́lé ni ìwọ wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá rẹ ló dúró níwájú káńtà. Àwọn ló mọ ìwé tí wọ́n buwọ́ lù, àwọn ló mọ̀ bóyá wọ́n gbé orúkọ rẹ dé kóòtù májísíréètì kí ẹnì kan tó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Nílé wa níbí, ọ̀pọ̀ bàbá ló ti parí irú ọ̀rọ̀ báyìí tí wọn kò sì ní sọ fún ọmọ bí ó ṣe parí. Bi wọ́n léèrè dáadáa. Bí ẹ̀sùn bá wà, wàá kọ ọ́, kódà bí wọ́n bá ti fagi lé e. Bí kò bá sí, wàá dáhùn pé kò sí, ọkàn rẹ yóò sì balẹ̀ pé òótọ́ lo sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtọ́jú. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí Wesley Guild tàbí ilé ìwòsàn yòówù nígbà náà nítorí igbó, ó wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Má rò pé wọ́n máa fi ìyẹn bá ọ jà. Ẹni tó gba ìtọ́jú tó sì parí rẹ̀ láìpadà sídìí oògùn ní ohun tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀ nínú ìlànà wọn.

Àwọn iléeṣẹ́ kan tún wà tí ọdún 7 kò dè. Bí iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe bá jẹ́ ti CIA tàbí NSA, àwọn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, wọ́n máa gbé ọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń yẹ irọ́ wò, ìbéèrè ibẹ̀ sì lè kọjá ti fọ́ọ̀mù. FBI, àjọ tó ń wádìí ọ̀ràn fún ìjọba àpapọ̀, ní òfin tirẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ gbà sí iṣẹ́: ọdún 1 ni fún igbó, ọdún 10 ni fún àwọn oògùn olóró yòókù. Níbi tí wọ́n bá ti bi ọ́ nípa Ifẹ̀, kí o sọ ti Ifẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè ohun kan tí o kò kọ sínú lẹ́tà rẹ. Ìpín 23 tún ń béèrè bóyá o ti ṣi oògùn dókítà lò láàárín ọdún 7, ìbáà jẹ́ tìrẹ tàbí ti ẹlòmíì. Àwa tí wọ́n bí síbí, a mọ bí nǹkan ṣe rí. Ènìyàn máa ń wọ kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta, á ní kí wọ́n gé tramadol fún òun, wọ́n á sì gé e. Omi ikọ́ tó ní codeine ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ níbi àríyá, títí ìjọba Nàìjíríà fi fòfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní oṣù Karùn-ún 2018. Ẹni tí dókítà kọ tramadol fún nítorí ẹ̀yìn dídùn, tó sì lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, kọ́ ni fọ́ọ̀mù ń bá wí. Ẹni tó lò ó kí ara rẹ̀ lè móoru, kí ó lè jó mọ́jú, ni wọ́n ń bi. Ṣé o wá sílé fún Kérésì rí láti 2016? Ṣé o wá wo ọdún Ìwúdé ní Iléṣà? Kí ni wọ́n bù fún ọ mu? Skuchies ní igbó àti codeine nínú. Ògógóró tí wọ́n ń pè ní monkey tail, igbó ni wọ́n rẹ sínú rẹ̀. Bí o bá mọ ohun tó wà nínú ife tí o sì mu ún, ó jẹ́ lílò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò tanná sí nǹkan kan. Ronú dáadáa. Ẹni tó bá fi ìbàlẹ̀ ọkàn ronú kí ó tó kọ fọ́ọ̀mù kì í sáré wá ọ̀rọ̀ níwájú aṣèwádìí.

Ó yá, súìtì Maryland. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Maryland fàyè gba igbó fún àwọn tó ti pé ọdún 21 láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2023. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Maryland ló fẹ́ fún ọ ní kílíáráǹsì. Ìjọba àpapọ̀ ni, òfin tirẹ̀ lórí oògùn olóró, èyí tí wọ́n ṣe ní 1970, sì ka igbó kún ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà tilẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé bí ìpínlẹ̀ bá fàyè gbà á, lójú òfin àpapọ̀ kò tíì bófin mu. Fi wé ilé ìyá ọkọ: o lè jẹ ohun tó wù ọ́ nílé ara rẹ, ṣùgbọ́n bí o bá ti wọ ilé wọn, èèwọ̀ ilé wọn lo ń tẹ̀ lé.

Nítorí náà, ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ bí aṣèwádìí bá dé ọ̀rọ̀ súìtì. Má ṣe sọ pé "kò lòdì sófin ní Maryland" bí ẹni ń gbèjà ara rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí ọkàn wọn mọ́, tí wọn kò ní èrò búburú kankan. Ohun tí ẹni tó ń ṣèpinnu ń gbọ́ ni pé ọmọ yìí ń ṣa òfin jẹ bí ẹní ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Lọ́la, wọ́n máa fún un ní òfin ìpamọ́ àṣírí, yóò tún ṣa ìyẹn náà. Sọ pé o jẹ ẹ́, pé o ti wá mọ̀ pé òfin àpapọ̀ kò gbà á, pé o kò tíì jẹ ẹ́ mọ́, pé o kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ìwé ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní SEAD 4, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 2017. Ìlànà 13 ló wà nínú rẹ̀, láti A dé M. H ni ti oògùn olóró. Kò sí ibì kankan nínú H tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti lò ó rí kò lè rí àṣẹ gbà láéláé. Wọn kò sì kọ iye oṣù tó gbọ́dọ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n ń wò ni bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe pọ̀ tó, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bóyá ó lè tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń wò bóyá o gbà pé o lò ó, bóyá o ti yẹra fún àwọn tí ẹ jọ ń lò ó àti ibi tí wọ́n ti ń lò ó, bóyá o ṣe tán láti buwọ́ lu ìwé pé o kò ní lò ó mọ́, pé bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, kí wọ́n gba àṣẹ wọn. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ ni wọ́n ń gbé lé òṣùwọ̀n, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ní oṣù Kejìlá 2021, Avril Haines tó jẹ́ olórí àwọn iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà nígbà náà tún fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn pé igbó tí ènìyàn ti mu sẹ́yìn jẹ́ ohun tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n òun nìkan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí tí wọ́n fi máa lé ènìyàn dànù.

Ẹni tí kò ní ọ̀nà ni ẹni tó ṣì ń lò ó. Òfin kan wà láti 2008 tó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn olóró lọ́wọ́lọ́wọ́ ní kílíáráǹsì, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Torí náà, súìtì 2024 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkẹyìn. Bí o bá jẹ òmíràn lẹ́yìn tí o ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ìwọ fúnra rẹ lo ba ọ̀rọ̀ ara rẹ jẹ́. Bí o bá sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ, ó bọ́ sínú ìbéèrè tí kò ka ọdún, yóò máa tẹ̀ lé ọ títí o fi fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ra fún àwọn òróró àti súìtì CBD, èròjà kan tí wọ́n ń fà yọ lára igbó, tí wọ́n ń tà káàkiri pẹ̀lú. Bí èròjà igbó tó ń pani bí ọtí nínú rẹ̀ bá ju 0.3 nínú 100 lọ, igbó ni lójú òfin àpapọ̀, ohun tí wọ́n sì kọ sára ike rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í béèrè ohun tí wọ́n kọ sára ike.

Bí o bá bi mí bóyá ẹyọ súìtì kan, tó ti kọjá ọdún kan, tí o fúnra rẹ kọ sílẹ̀, yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ, mo máa sọ ohun tí ojú mi ti rí: ti òun nìkan, mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí o bá fi pamọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìlànà H, ó ti di E, ìyẹn ti ìwà ènìyàn. Irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa sínú fọ́ọ̀mù yẹn tún jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin àpapọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ó dùn mí pé ọ̀rẹ́ tó fún ọ ní súìtì ló tún fẹ́ fún ọ ní èyí.

O lè ní, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ló yẹ kó béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá-ńlá rẹ tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò sì ní dìde àfi bí owó bá jáde. Bí aṣèwádìí wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Yóò bá ìwọ fúnra rẹ jókòó. Yóò lọ bá àwọn tí o kọ orúkọ wọn, aládùúgbò rẹ, ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Bó bá ń kúrò lọ́dọ̀ wọn, yóò béèrè ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Ènìyàn mélòó ló wà níbi ọjọ́ ìbí yẹn? Mélòó nínú wọn ló gbé fóònù jáde? Kò sì parí síbẹ̀, nítorí ní òde òní, wọn kì í dúró de ọdún 5 tàbí 10 kí wọ́n tó tún ọ wò. Bí o bá ti ní kílíáráǹsì, ẹ̀rọ wọn ń ṣọ́ orúkọ rẹ lójoojúmọ́.

Bí wọn kò bá tilẹ̀ mọ̀ láéláé, ẹ̀rù irọ́ náà ṣì ń bà mí fún ọ. Ìdí tí wọ́n fi kórìíra irọ́ ju igbó lọ ni pé ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ti fi okùn ọrùn ara rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Bí ẹnì kan tó mọ̀ nípa súìtì yẹn bá wá bá ọ lọ́jọ́ kan, tó ní, "Gbé ìwé kan báyìí fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mo máa sọ," kí lo máa ṣe? Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lè rẹ́rìn-ín kí ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó fi pamọ́ ni yóò jókòó ronú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo ní ó mu ún lẹ́ẹ̀mejì péré yẹn, iwájú mi ló ti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ tún Ìpín 23 kà. Ó ní rárá, ó ti kọ "No" síbẹ̀. Wọ́n fún un ní Secret. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ gbé e sókè sí Top Secret, aṣèwádìí tuntun fi sùúrù bi í, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á mọ́, ó jẹ́wọ́. Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ̀ fún un, ìlà díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ti igbó. Irọ́ ni gbogbo ìyókù. Ó jókòó sí ọ́fíìsì mi ó ń sunkún, ó ní bó bá ṣe pé òun kọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́. Mi ò lè dá a lóhùn, nítorí àwa méjèèjì la mọ ìdáhùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ tún un kà mọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tún un kà.

Bí ẹlòmíì tó ń ka èyí bá ti kọ irọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ṣì wà díẹ̀. Ìlànà wọn ka ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ tún un ṣe, kí wọ́n tó ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, sí rere. Lọ lónìí.

Bí o bá fẹ́ kọ tìrẹ, kọ ọ́ bí ẹni ń ka owó: oṣù Kẹjọ 2024, níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́, ẹyọ súìtì kan tó ní igbó, mi ò rà á, mi ò tà á, mi ò tíì lò ó láti ìgbà náà, mi ò sì ní lò ó mọ́. Má kọ "ìgbà díẹ̀" tàbí "bóyá", kọ iye. Má di ẹ̀bi ru ẹni tó fún ọ. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé. Fọ́ọ̀mù náà sọ ní Ìpín 23 pé wọn kò ní fi ìdáhùn òótọ́ rẹ ṣe ẹ̀rí láti pè ọ́ lẹ́jọ́ ọ̀ràn, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà ọ́ nítorí pé o sọ òótọ́.

Èyí tó kàn yìí ló mú kí n kọ ìdáhùn gígùn, má fojú fò ó. Kí o tó gba físà tí o fi wọ Amẹ́ríkà, o kọ fọ́ọ̀mù kan, dókítà sì yẹ̀ ọ́ wò. Fọ́ọ̀mù físà náà ń béèrè bóyá o ti rú òfin oògùn olóró rí. Kí o tó di ọmọ onílùú, o tún kọ òmíràn. Mi ò mọ ohun tí o fi dáhùn, mi ò sì fẹ́ kí o kọ ọ́ sí mi, tàbí kí o kọ ọ́ sí ibikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí ni pé ìjọba lè lọ sí kóòtù láti gba ìwé ọmọ onílùú padà lọ́wọ́ ẹni tó fi irọ́ gbà á, ìlérí tí Ìpín 23 ṣe kò sì bo ìyẹn. Bí ìdáhùn rẹ ìgbà náà àti ohun tí o fẹ́ sọ nísinsìnyí bá lè ta kora, lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú àti ti kílíáráǹsì ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tì, kí o tó fọwọ́ kan SF-86. Owó rẹ̀ lè dùn ọ́. San án.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà tí ẹ ṣì ń dúró de físà, tàbí tí ẹ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú green card, òfin tiyín yàtọ̀ pátápátá sí ti ọmọ yìí. Fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, kí ó kàn jẹ́wọ́ igbó nìkan lè tì í síta, súìtì tí Maryland fàyè gbà sì lè dí ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́. Àjọ ìwọ̀lú wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2019. Mi ò ní kí ẹ purọ́. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì wá lọ́yà bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án.

Bí ìjọba bá ní àwọn kò fẹ́ fún ọ, wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ tí wọ́n kọ ìdí sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá iléeṣẹ́ ológun ṣiṣẹ́, ọjọ́ 20 ni o ní láti dáhùn, o sì lè ní kí wọ́n gbé ọ síwájú adájọ́ ní DOHA, ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ológun tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí. Bí wọ́n bá kọ̀ níbẹ̀ náà, lẹ́yìn ọdún 1 o lè tún gbìyànjú. Má gbàgbé pé kì í ṣe ẹ̀tọ́: ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 1988 pé kò sí ẹni tí kílíáráǹsì jẹ́ ẹ̀tọ́ fún, níbi tí iyèméjì bá sì wà, ti ààbò ìlú ni wọ́n máa gbè.

Wọ́n máa béèrè nípa ìyá àti bàbá rẹ ní Iléṣà, owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wọn, àti ilẹ̀ bí o bá ní. Kọ gbogbo rẹ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, má lọ jó o níná. Ti Amẹ́ríkà ni kí o máa fi wọlé kí o sì máa fi jáde níbẹ̀.

Kí o bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó fẹ́ wá fi igbó Ifẹ̀ dójú tì wọ́n ládùúgbò, kí wọ́n sùn. Má sì kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n rárá, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Bàbá rẹ ni kí o pè lálẹ́ òní, kí o bi wọ́n nípa béèlì 2014 yẹn, ìwé tí wọ́n buwọ́ lù àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, nítorí òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa bi ọ́.